Ẹ̀rọ Méjì Tí Kò Gbọ́ Èdè Ara Wọn

Ẹni tí ó bá ti ná ọjà rí ní Arákalẹ̀, ní Àkúrẹ́, mọ̀ pé kóńgò ni kì í jẹ́ kí ìjà bẹ́ láàárín ẹni tí ń ta gàrí àti ẹni tí ń rà á. Bí òṣùwọ̀n kò bá dọ́gba, ọjà kò lè tà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí láàárín ẹ̀rọ ìwọ̀n inú yàrá sáyẹ́ǹsì àti plotter, ẹ̀rọ tí ń fi gègé ya àbájáde ìwọ̀n sórí bébà.

Ní àtètèkọ́ṣe, iná tí ó ti inú ẹ̀rọ ìwọ̀n jáde ni ó ń darí gègé náà tààrà. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà ránṣẹ́ sí ara wọn ni wàhálà dé, nítorí ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní okùn àti èdè tirẹ̀. Ní 1960, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà gbé òfin RS-232 kalẹ̀. Òfin yìí sọ bí okùn yóò ti gbé iná; kò sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí okùn ń gbé. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ Hewlett-Packard ṣe HP-IB, èyí tí ẹ̀rọ 15 lè jọ wà lórí rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní àdírẹ́sì tirẹ̀. Ní 1975, ẹgbẹ́ àwọn ẹnjiníà tí a ń pè ní IEEE sọ ọ́ di òfin 488, kí àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù lè tẹ̀lé e. Hewlett-Packard yìí kan náà ni ó ṣe èdè HP-GL fún plotter. Nínú èdè náà, PU ni “gbé gègé sókè”, PD sì ni “sọ ọ́ kalẹ̀”.

Àárín àkókò yìí, ní 1981, ni a dá Yunifásítì Ìmọ̀-Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. Ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, ewu ńlá ni kí olùkọ́ pe ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ le ní òkú, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Àìrìnpọ̀ ni í jẹ ọmọ ejò níyà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orísun ìjà náà yóò kọ́kọ́ wo ẹnu okùn. Lẹ́yìn èyí, yóò wo àdírẹ́sì lórí HP-IB, tàbí ìyára lórí RS-232, nítorí ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ ní ìyára 9600 kò lè yé èyí tí ń gbọ́ ní 1200. Bí ìwọ̀nyí bá bára mu, tí iná àṣìṣe sì ń tàn síbẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ dé ibi tí ó ń lọ, ṣùgbọ́n èdè kò yé olùgbọ́.

Okùn USB tí ó jáde ní 1996 ti gba ipò ọ̀pọ̀ nínú àwọn okùn àtijọ́, ṣùgbọ́n ètò ìwádìí náà kò yí padà: okùn, ìyára, èdè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní í tètè sọ ẹ̀rọ tí ó yè nù.