Ohùn Ló Kọ́kọ́ Dé: Àyẹ̀wò Ohun Tí Àwọn Òbí Olùwádìí Gbọ́ Lẹ́nu Ọmọ Wọn

Ọmọ wa obìnrin ti pé oṣù 15 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ti fèrèsé, tó ń na ìka síta, tó sì ń wí pé "ọọ̀, ọọ̀". Mo ti ní ìwé kan nílẹ̀ tí mo ń kọ gbogbo ohun tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde sí. Mo kọ "ọwọ́" síbẹ̀, mo sì na ọwọ́ sí i. Ó ti ọwọ́ mi dànù. Ìyá ìyàwó mi tó wá bá wa gbọ́mọ jókòó nítòsí, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ọkọ mi, ọkọ̀ ló ń sọ. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń já ohùn ẹ̀ sílẹ̀ ni?" Mo wo ìta. Dánfó kan dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń já èrò.

Gbólóhùn Màmá yẹn fúnra rẹ̀ tó ṣe ìdánwò. "Ọkọ" àti "ọkọ̀" wà nínú rẹ̀, ohùn nìkan ló sì yà wọ́n. Ọmọ náà kò ì lè pe kọ́ńsónáǹtì tó wà láàárín ọ̀rọ̀ náà, nítorí náà "k" àti "w" ti dọ́gba lẹ́nu rẹ̀: òfo ni méjèèjì. Ohun tó kù fún un ni ohùn àárín tí ohùn ìsàlẹ̀ tẹ̀ lé. Ká ní ọwọ́ ló ní lọ́kàn ni, òkè ni ì bá gbé e sí. Kò yàtọ̀ sí ohun tí onílù dùndún ń ṣe. Awọ ìlù kò ní "k", kò ní "w", síbẹ̀ ẹni tí ìlù ń kì mọ ìgbà tí wọ́n bá dárúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọ oṣù 15 náà ń fọ̀ bí ìlù, èmi olùkọ́ èdè ni n kò gbọ́.

Ìtìjú yẹn ló gbé mi padà sídìí ìwé tí àwọn òbí olùwádìí ti kọ nípa ọmọ ara wọn láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé. Bí mo ṣe ń kà wọ́n, ohun kan ń hàn sí mi: púpọ̀ nínú wọn gbọ́ ohùn yìí. Wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ ka ọ̀rọ̀, nítorí pé nínú èdè tiwọn, ẹ̀ṣọ́ lásán ni ohùn jẹ́ lára ọ̀rọ̀. Nínú èdè tiwa, ohùn ni egungun ọ̀rọ̀.

Charles Darwin ni mo kọ́kọ́ ṣí. Ọdún 1839 ni wọ́n bí William, àkọ́bí rẹ̀, bàbá náà sì ń kọ ohun tó ń rí lára ọmọ sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ yìí wà nínú àpótí títí di 1877, nígbà tí iṣẹ́ Hippolyte Taine, ará Faransé, lórí ọmọ kan mú kí òun náà gbé tirẹ̀ jáde nínú jọ́nà *Mind*. Ọjọ́ tí William pé ọdún kan gẹ́lẹ́ ló dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀ fún oúnjẹ: *mum*. Ṣúgà di *shu-mum* lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń tọ́ka sí iṣẹ́ náà sábà máa ń dúró, nítorí pé ó dùn ún rẹ́rìn-ín sí. Èmi dúró níwájú díẹ̀. Darwin ní bí ọmọ náà bá ń fi *mum* tọrọ oúnjẹ, ó máa ń gbé ìparí rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń béèrè nǹkan. Ó fi kún un pé ọ̀rọ̀ yìí bá èrò òun kan mu, pé kí ọmọ ènìyàn tó ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ohùn bí orin ló kọ́kọ́ ń fọ̀. Gbólóhùn bíi mélòó kan ni, ó sì ti kúrò nídìí rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Clara àti William Stern ní Jámánì, tí wọ́n kọ ìwé ńlá kan jáde ní 1907 láti inú àkọsílẹ̀ lórí àwọn ọmọ wọn mẹ́ta. (Günther, ọmọkùnrin wọn, di onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí ayé ń pè ní Günther Anders, n kò mọ bí ó ṣe ń rí lára ẹni kí gbogbo ayé máa ka àṣìpè tí a ṣe lọ́mọ ọdún kan.) Mo kà á, kò fi bẹ́ẹ̀ ràn mí lọ́wọ́.

M. A. K. Halliday ni ìwé tirẹ̀ yá mi lórí jù. Ọmọ rẹ̀ tó pè ní Nigel nínú *Learning How to Mean*, tó jáde ní 1975, kò tí ì pé ọdún méjì nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ́nà méjì. Bó bá ń sọ ohun tó rí, ohùn rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀. Bó bá fẹ́ kí ẹnìkan dáhùn tàbí ṣe nǹkan fún un, ohùn á gòkè. Òfin yìí kò sí nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn àgbà tó yí i ká. Ọmọ náà ló gbé e kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ tí èdè bàbá rẹ̀ kò ní ohùn bíi tiwa pàápàá rí i pé ohùn ṣe é fi ṣiṣẹ́. Ọmọ Yorùbá kò ní àǹfààní láti ṣe irú èyí. Bó bá gbé "ọkọ̀" sókè kó lè bẹ̀bẹ̀, ọkọ́ ló ń béèrè lọ́wọ́ wa, irinṣẹ́ àgbẹ̀.

Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ gbogbo wọn ní ti ọ̀pọ̀ ni Deb Roy, ọ̀jọ̀gbọ́n ní MIT, ní Amẹ́ríkà. Ó fi kámẹ́rà 11 àti maikirofóònù 14 sí àjà ilé rẹ̀, ó sì gba bí ọmọ rẹ̀ ṣe ń dàgbà láti ìgbà tí wọ́n bí i: fídíò tó tó 90,000 wákàtí, ohùn tó tó 140,000 wákàtí. Ó lè jẹ́ kí o gbọ́ bí *gaga* ṣe ń di *water* díẹ̀díẹ̀ fún oṣù mẹ́fà. Fóònù ni mo ní, ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì wà nínú gbogbo ohun tí mo gbà sínú rẹ̀, nítorí náà n kò ní sọ pé ìlara ò mú mi. Ohun tó ṣe mí láǹfààní nínú iṣẹ́ náà ni èyí tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2015: ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń sọ ní ibì kan pàtó, ní àkókò pàtó, ni ọmọ náà tètè ń mọ̀ ọ́n sọ. Mo rántí fèrèsé wa. Níbẹ̀ ni gbogbo wa ti máa ń wí pé "wo ọkọ̀".

Ìwádìí inú láàbù wá fìdí ohun tí Màmá gbọ́ múlẹ̀. Kathleen Wermke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2009 pé ẹkún ọmọ tuntun ará Faransé máa ń gòkè, ti ọmọ Jámánì máa ń sọ̀ kalẹ̀. Inú oyún ni wọ́n ti gbọ́ orin èdè ìyá wọn. Ní 1984, Janet Werker àti Richard Tees rí i pé ọmọ oṣù 6 sí 8 ń dá ìyàtọ̀ ìró àjèjì mọ̀, àmọ́ bó bá fi di oṣù 10 sí 12, etí rẹ̀ á ti dí sí èyí tí èdè ilé kò lò. Iṣẹ́ Phil Harrison tó jáde ní 2000 kan àwa gan-an: ó fi ọmọ ìkókó tó ń gbọ́ Yorùbá wé èyí tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì rí i pé bí ọmọ Yorùbá ṣe ń gbọ́ ìlọsókè-sódò ohùn yàtọ̀, ṣáájú kó tó pé ọdún kan, kó tó ní ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu. Ní Taipei, Charles Li àti Sandra Thompson tọ ọmọ 17 lẹ́yìn fún oṣù méje. Wọ́n kọ ọ́ ní 1977 pé ohùn Mandarin ti gún régé lẹ́nu àwọn ọmọ náà nígbà tí kọ́ńsónáǹtì wọn ṣì ń wọ́.

Síbẹ̀, ìwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ kò tíì yí padà. Roger Brown ti Harvard, nínú ìwé rẹ̀ ti 1973, fi iye mófíìmù, ìyẹn ègé ọ̀rọ̀ tó kéré jù tó ní ìtumọ̀, tó wà nínú gbólóhùn wọn àwọn ọmọdé mẹ́ta, Adam, Eve àti Sarah, ó sì tẹ̀ lé mófíìmù gírámà 14 bí wọ́n ṣe ń yọ. Jean Berko ti ṣáájú rẹ̀ ní 1958, ó ya ẹyẹ kan tí kò sí láyé, ó sọ ọ́ ní *wug*, àwọn ọmọdé sì sọ ọ́ di púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ wọn. Kí ni a óò fún ọmọ Yorùbá sọ di púpọ̀? Ajá kan, ajá mẹ́ta, ajá náà ni. Bí a bá fi ìwọ̀n Brown wọn ọmọ wa, ó lè dà bí ẹni tó ń lọ́ra, nígbà tó jẹ́ pé iṣẹ́ mìíràn ló ń ṣe. Ní ọmọ ọdún méjì, ó ń wí pé "mo jẹun ìrẹsì". A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. "Jẹ" àti "ohun" tí ìsúnkì so pọ̀ ni "jẹun". Kò sí ẹni tó tú u fún un rí, ló bá gbà á bí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, ó fún un ní àbọ̀. *Wug* tirẹ̀ nìyẹn.

Ohùn náà ní ibi tó ti ń ṣòro, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ó yẹ kí ìwádìí wa gbájú mọ́. Katherine Demuth tó ṣiṣẹ́ lórí èdè Sesotho jẹ́ ká mọ̀ pé ohùn tí gírámà ń yí padà máa ń pẹ́ lẹ́nu ọmọ ju èyí tó dúró sójú kan lọ. A ní irú rẹ̀. Bí a bá na nǹkan sí ọmọ, "gbà!" la ń wí, ohùn ìsàlẹ̀. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ó di àárín: "gba bàtà ẹ". Ọmọ wa ń wí pé "bà bàtà", pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ tó mọ̀. Fún bí oṣù mẹ́rin ló fi ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà kan náà, kò ṣi ohùn "bàtà" rí, kò ṣi ti "ọ̀gẹ̀dẹ̀" tó ń pè ní "ẹ̀ẹ̀dẹ̀".

Arọ́pò-orúkọ náà fún un níṣòro, ṣùgbọ́n àwa la fà á. "Ṣé kí n gbé ẹ?" la máa ń bi í, ló bá ń gbé apá méjèèjì sókè, "bé ẹ, bé ẹ!" Ó rò pé "ẹ" ni orúkọ òun. Bákan náà, "o" la fi ń bá a sọ̀rọ̀, ohun tó sì fi ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀ nìyẹn: "O jókòó." Màmá kò bínú. Á ní, "Sọ pé ẹ jókòó, mà." Ọmọ á dáhùn gbọnran: "Sọ pé ẹ jókòó." Bambi Schieffelin rí irú àṣẹ yìí láàárín àwọn Kaluli ní Papua New Guinea, níbi tí ìyá ti máa ń sọ gbólóhùn tán, tí á wá sọ fún ọmọ pé kó wí bẹ́ẹ̀, òun àti Elinor Ochs sì fi í jiyàn ní 1984 pé kì í ṣe gbogbo ayé ló ń fi ohùn ọmọdé bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn òbí inú ìwé tí mo kà sábà máa ń jẹ́ bàbá, ìyá àti ọmọ nìkan nínú ilé. Ẹnu márùn-ún ló ń sọ̀rọ̀ nínú tiwa, ká má tíì ka tẹlifíṣọ̀n. Ẹnu tó kọ́ ọmọ wa ní ohùn "ọkọ̀", n kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé tèmi ni.

Ohun kan ṣì kù tí Jean Berko àti Roger Brown kọ sílẹ̀ ní 1960: ọmọ kan ń pe ẹja ní *fis*, àmọ́ bí àgbà bá pè é bẹ́ẹ̀ fún un, ó kọ̀ jálẹ̀. Mo dán an wò. Ọmọ wa ti pé oṣù 19 nígbà náà, "k" rẹ̀ kò ì dé. Dánfó kọjá, mo tọ́ka sí i, mo ní, "Wo ọọ̀!"

Ó kọjú sí mi, ojú rẹ̀ le koko. "Rárá," ó wí. "Ọọ̀!"