Agbádá, Kóòtù àti Ipò Àgbà ní Èkó

Láyé àtijọ́, aṣọ ọkùnrin Yorùbá kì í ṣe ìbora lásán. Bùbá àti ṣòkòtò tó ọ̀dọ́ tí ń ṣiṣẹ́ oko. Ṣùgbọ́n agbádá, tí a gbọ́dọ̀ máa ká apá rẹ̀ sí èjìká lemọ́lemọ́, jẹ́ aṣọ ẹni tí kò kánjú. Ta ni yóò fi í kọ ebè? Dàńdógó tilẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní ó kọjá aṣọ àbínúdá. Sányán, tí a ń ran òwú rẹ̀ láti ara ilé kòkòrò, àti ẹtù tí a rẹ láró dúdú, gba owó àti sùúrù. Kí ọ̀pọ̀ ọkùnrin tó ní wọn, irun orí wọn á ti máa funfun.

Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ètò yìí dàrú ní Èkó. Kóòtù àti táì di àmì ọ̀làjú, akọ̀wé tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún sì lè fi wọ́n gba ọ̀wọ̀ tí baba rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wá.

David Brown Vincent, tí a bí ní 1860, kọ èyí. Ní 1894 ó di Mojola Agbebi, ó sì bọ́ aṣọ òyìnbó sílẹ̀, nílé àti lẹ́yìn odi. Àwọn mìíràn náà pa orúkọ dà, ṣùgbọ́n wọn kò fi kóòtù sílẹ̀. Kò yani lẹ́nu: inú ìwé ni orúkọ tuntun wà, ṣùgbọ́n gbogbo ọjà ló ń rí aṣọ.