Bí ẹ̀tọ́ ìdìbò ṣe dé ọwọ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ Yorùbá

Bí ọjọ́ ìdìbò bá dé lónìí ní Baruwa, ní agbègbè Alimọṣọ, tọkùnrin tobìnrin ló ń tò sórí ìlà. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe ohun tí òyìnbó fi ta àwọn obìnrin lọ́rẹ.

Lọ́dún 1923, tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Èkó àti Calabar, ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún kò dín ní 100 pọ́n-ùn nìkan ló lè dìbò. Bẹ́ẹ̀, láti 1869 làwọn obìnrin Wyoming, ilẹ̀ àwọn darandaran ní Amẹ́ríkà, ti ní ẹ̀tọ́ tiwọn.

Ní 1944, Oyinkan Abayomi dá ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn obìnrin sílẹ̀ l'Ékòó. Ní Abẹ́òkúta, Funmilayo Ransome-Kuti àtàwọn ìyá ọlọ́jà kọ̀ láti máa san owó orí nígbà tí wọn kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ ìlú. Ìjà náà le débi pé Aláké Ademọla kúrò lórí oyè fúngbà díẹ̀ ní 1949.

Ní 1950, tọkùnrin tobìnrin l'Ékòó dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú. Baruwa kò sí nínú rẹ̀, nítorí abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló wà títí di 1967. Ní ẹkùn náà, asanwó-orí nìkan ló dìbò sílé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954. Ó di 1959 kí ẹ̀tọ́ náà tó kárí gbogbo obìnrin. Àwọn obìnrin Òkè Ọya kò dìbò títí di àwọn ọdún 1970.

Nítorí náà, kí obìnrin tó bá fẹ́ fi káàdì ìdìbò rẹ̀ sílẹ̀ nínú àpótí aṣọ rántí pé àwọn ìyá wa jìyà kó tó dé ọwọ́ rẹ̀.