Oru Omi ní Èkó: Láti Ìdó dé Ẹ̀gbin

Oru omi ni omi tó ti di afẹ́fẹ́. Ojú kì í rí i. Èyí tó ń rú funfun lẹ́nu kẹ́tù kì í ṣe òun gan-an. Ẹ̀kán omi wínníwínní ni, tí oru náà padà dì nígbà tí atẹ́gùn tútù kàn án. Omi lítà kan tó bá hó tán pátápátá ní ìwọ̀n ooru 100°C yóò gba àyè tó ju lítà 1,600 lọ. Bí irin bá há a mọ́, tí kò rí ọ̀nà gbà, á máa ti ohunkóhun tó bá dí i lọ́wọ́. Agbára yìí ló fa ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́ la ilẹ̀ Èkó kọjá.

Ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà irin náà. Láti Ìdó, ó gba Ẹ̀bùté Mẹ́ta, Yábàá àti Múṣin lọ sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Nígbà tó fi di 1912, ó ti so pọ̀ mọ́ ti Kánò. Ní 1902, ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí oru ń fà bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí Afárá Carter láti Ìdó wọ Erékùṣù Èkó. 1933 ni wọ́n pa á tì.

Inú ẹ̀ńjìnnì ni ọgbọ́n wà. Ooru àti èéfín iná èédú ń gba inú àwọn páìpù tí omi yí ká. Omi á hó, oru á kó jọ sókè bọ́ílà, wọn á ṣí i sínú sílíńdà, á ti písítìnì lọ, á tì í bọ̀, irin tó so mọ́ ọn á sì yí kẹ̀kẹ́. Oru tó ti ṣiṣẹ́ tán kì í lọ lásán. Inú ṣímínì ló ń gbà jáde, bó sì ti ń tú fáà-fáà ló ń fa èéfín tẹ̀lé ara rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ tuntun fi ń ráyè wọ inú iná. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ni iná á ṣe jó tó. Nínú gbogbo iṣẹ́ ẹ̀rọ náà, ibí yìí ló lẹ́wà jù.

Ṣùgbọ́n bọ́ílà ń fẹ́ ìtọ́jú gidi. Ohun tó bá yọ́ sínú omi kì í bá oru lọ. Ara irin ló ń lẹ̀ mọ́ bí èépá, ooru kì í sì í ráyè wọ inú omi dáadáa mọ́. Wọ́n ní láti máa fọ̀ ọ́, kí wọ́n sì máa pààrọ̀ páìpù. Irú iṣẹ́ báyìí ló kó àwọn alágbẹ̀dẹ, wẹ́dà àti fítà jọ sí ọgbà rélùwéè ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta, tí àdúgbò náà fi di ibùdó òṣìṣẹ́. Níbẹ̀ ni Michael Imoudu ti ṣiṣẹ́ kó tó di olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè. Nígbà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbò bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 1945, nítorí owó oṣù tí kò ká ọ̀wọ́n ọjà mọ́, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà níwájú.

Èédú Enúgu, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà ní 1915, ló wá ń bọ́ àwọn ẹ̀ńjìnnì wọ̀nyí. Òun náà ló bọ́ ilé iṣẹ́ mànàmáná Ìjọra, tí wọ́n ṣí ní 1923. Níbẹ̀, dípò písítìnì, abẹ̀bẹ̀ tọ́bàìnì ni oru ń fẹ́ yí, tọ́bàìnì á sì yí ẹ̀rọ tó ń mú iná wá. Láti àwọn ọdún 1950 ni ẹ̀ńjìnnì dísù ti ń lé oru kúrò lójú irin, ṣùgbọ́n oru kò kúrò nídìí iná mànàmáná. Ní Ẹ̀gbin, létí ọ̀sà nítòsí Ìkòròdú, tọ́bàìnì olóru mẹ́fà tí wọ́n gbé kalẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1980 ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè mú mẹ́gáwáàtì 220 wá. Gáàsì ló ń se omi wọn. Omi ọ̀sà ló ń mú oru náà tutù tí á fi padà di omi, tí wọn á tún fà á lọ sínú bọ́ílà.