Máíkì Kékeré Tó ń Gba Ohùn Àyíká

Ọ̀kan lára ìgbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn gbé ohùn pẹ̀lú ibi tó ti ń wá ni ọdún 1881, ní Paris. Clément Ader to máíkì síwájú orí ìtàgé ilé eré Opéra, ó sì fi wáyà tẹlifóònù gbé orin náà lọ sí ibi ìpàtẹ ẹ̀rọ iná mànàmáná. Ẹni tó bá gbé agbóhùn kan sí etí kọ̀ọ̀kan ń mọ̀ bí akọrin bá kúrò lápá òsì bọ́ sí ọ̀tún.

Alan Blumlein, ẹnjiníà ilé iṣẹ́ EMI nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ ọ́ di ìmọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nínú ìwé ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀ tó béèrè fún ní oṣù Kejìlá 1931, ó gbé máíkì méjì sójú kan náà, ó sì kọ ojú wọn sí ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn yóò dé ọ̀dọ̀ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kò ní rinlẹ̀ bákan náà. Ìyàtọ̀ yẹn ni sípíkà méjì fi ń júwe ibi tó ti wá. Ní 1935 ó ya fíìmù ọkọ̀ ojú irin ní ibùdókọ̀ Hayes: bí ọkọ̀ ṣe ń kọjá ni ariwo rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Jàǹbá bàálù ló pa á ní 1942, níbi tó ti ń dán ẹ̀rọ rédà wò fún ogun. Ẹni ọdún 38 péré ni.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn ilé iṣẹ́ gbé sípíkà mẹ́rin jáde fún igun yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn ètò ìgbohùnsílẹ̀ bíi SQ, QS àti CD-4 ń du ọjà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ó sì sú àwọn oníbàárà. Sípíkà ni wọ́n kọ́kọ́ rò, wọn kò ro ohùn.

Michael Gerzon, onímọ̀ ìṣirò ní Oxford, gba ibòmíràn wọ̀ ọ́: bí a bá gba gbogbo ohùn tó ń dé ojú kan ṣoṣo, iye sípíkà yòówù kó wà, a ó lè pín in fún wọn. Òun àti Peter Craven ló ṣe ìhùmọ̀ máíkì Soundfield. Ilé iṣẹ́ Calrec ní Yorkshire ló sì rọ ọ́.

Lábẹ́ àwọ̀n irin orí rẹ̀, ojú ìgbóhùn mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n sún mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Bí ààrò mẹ́ta tí a gbé ìkòkò lé ni wọ́n ṣe tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan kọjú síta. Bó ti wù kí wọ́n kéré tó, wọn kò lè wà lójú kan náà gan-an, nítorí náà ohùn kì í dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Sákúítì ló ń tún ìyàtọ̀ kékeré yẹn ṣe. Bí wọ́n bá ṣe sún mọ́ra sí i ni àtúnṣe náà ṣe ń kápá ohùn tó tínrín sí i. Ìdí nìyí tí kíkéré rẹ̀ fi ju ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn àtigbé lọ. Ohun tó ń jáde jẹ́ ọ̀nà mẹ́rin: W ni àpapọ̀, X ni iwájú àti ẹ̀yìn, Y ni òsì àti ọ̀tún, Z ni òkè àti ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn akọrin ti relé, a ṣì lè yí ojú máíkì náà padà lórí tẹ́ẹ̀pù. Iṣẹ́ ọpọlọ tó yani lẹ́nu ni.

Síbẹ̀, ọjà kò gbà á. Ilé iṣẹ́ Nimbus wà lára àwọn díẹ̀ tó fi ọ̀nà Gerzon yìí, tí wọ́n ń pè ní Ambisonics, gbé àwo jáde. Gerzon kú ní 1996, lẹ́ni ọdún 50.

Fídíò oníyíká, tí ẹni tó ń wò ó lè yíjú síbi tó bá wù ú nínú rẹ̀, ló jí iṣẹ́ Gerzon dìde. Ní 2016, YouTube bẹ̀rẹ̀ sí gba ohùn Ambisonics, Sennheiser sì gbé máíkì Ambeo VR jáde. Ní 2018, Zoom kó máíkì mẹ́rin àti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ pọ̀ sínú H3-VR, tí kò ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbá mú lọ. Bí ẹni tó ń wo irú fídíò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú íápíìsì bá yíjú sọ́tùn-ún, ohùn tó wà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò bọ́ sí etí òsì.