Ohùn Ọmọ Ta Nìyẹn? Ìwádìí Lórí Ìrántí Ìdámọ̀ Láàárín Àwọn Ọ̀bọ

Lọ́dún 1924, Josephine Salmons, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ní Yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg, gbé agbárí bàbúùnù kan tó ti di òkúta wá han olùkọ́ rẹ̀, Raymond Dart. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dé Taung, níbi tí agbárí ọmọdé tó sọ Dart di olókìkí ti jáde. Agbárí lè fi ìwọ̀n ọpọlọ hàn. Kò lè sọ bóyá ẹranko tó ni ín dá ọmọ rẹ̀ mọ̀ láàárín ọmọ ẹlòmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, ìṣe ẹranko tó wà láàyè ni yóò wò.

Nínú yàrá ìwádìí, àwọn olùwádìí á gbé àwo oníhò síwájú ọ̀bọ. Ìdérí ìgò kan bo ihò àárín. Ọ̀bọ á sún un kúrò, á jẹ ẹ̀pà abẹ́ rẹ̀. Wọ́n á fi ìkélé bo àwo náà. Tí wọ́n bá ká ìkélé, ìdérí yẹn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan mìíràn tí ọ̀bọ ò rí rí, abẹ́ èyí tuntun sì ni ẹ̀pà wà. Bó bá mú tuntun lẹ́ẹ̀kan, ó lè jẹ́ èèṣì. Bó bá ń mú un ṣáá, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ nǹkan, a jẹ́ pé ó rántí èyí tó ti rí; ìyẹn ni ìrántí ìdámọ̀.

Ìdánwò yìí ni Mortimer Mishkin lò ní Amẹ́ríkà nínú iṣẹ́ tó gbé jáde nínú ìwé ìròyìn Nature lọ́dún 1978. Ó gé hippocampus àti amygdala, apá méjì nínú ọpọlọ, kúrò lára àwọn ọ̀bọ kan, ìrántí wọn sì bàjẹ́ gan-an. Ó di 1998 kí òun àti Elisabeth Murray tó fi hàn pé ọ̀dọ̀ méjèèjì kọ́ ni ìṣòro náà ti wá: èèpo ọpọlọ tó wà nítòsí wọn, tí iṣẹ́ abẹ ìṣáájú bà jẹ́ pẹ̀lú, ló ń ṣe iṣẹ́ ìdámọ̀. Ẹ̀kọ́ ńlá ni, ẹ̀mí ọ̀bọ la sì fi rà á.

Nínú igbó, kì í ṣe ìdérí ìgò bí kò ṣe ta ni ta ló jẹ ọ̀bọ lógún. Ní Amboseli, ní Kenya, Dorothy Cheney àti Robert Seyfarth fi sípíkà pamọ́ sínú igbó, wọ́n sì gbé igbe ọmọ ọ̀bọ kan jáde nígbà tí ìyá rẹ̀ wà pẹ̀lú àwọn abo mìíràn. Ìyá náà wo ibi tí igbe ti wá. Àwọn abo yòókù ńkọ́? Ìyá ọmọ ni wọ́n kọjú sí! Ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 1980.

Ní Moremi, ní Botswana, àwọn bàbúùnù chacma, irú tó wà ní Gúúsù Áfíríkà náà, ni Thore Bergman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lò. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2003, wọ́n to ohùn pọ̀ bí ẹni pé ìjà ń lọ: ọmọ ẹ̀yìn ń halẹ̀, ọ̀gá ń ké. Àwọn tó gbọ́ ọ tẹjú mọ́ ibi sípíkà. Bí irú ìdojúdé bẹ́ẹ̀ bá wáyé láàárín ìdílé méjì, wọ́n ń wò ó pẹ́ ju ti inú ìdílé kan náà lọ.

Bàbúùnù chacma wà ní Suikerbosrand, ibi ìpamọ́ ẹranko tó wà ní gúúsù Johannesburg. Ọ̀nà Moremi ló yẹ kí àwọn olùwádìí ìlú náà tọ̀, nítorí kò nílò ọ̀bẹ. Ohun tó gbà ni sípíkà, kámẹ́rà, àti ẹni tó mọ bàbúùnù kọ̀ọ̀kan lójú. Èèyàn gbọ́dọ̀ ti mọ́ agbo lára kí àwọn olùwádìí tó tẹ ohùn àkọ́kọ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ tẹ ohùn kan náà léraléra, torí bàbúùnù kì í pẹ́ mọ̀ pé kò sí ìjà níbẹ̀.