Ilé Mbárí Mbáyọ̀ àti Àpò Ẹgbẹ́ Wa

Ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé àti lẹ́yìn odi, nígbàkígbà tí a bá ń pín owó ẹgbẹ́, ọ̀nà àti ilé ìwòsàn ni à ń dárúkọ. Ìtàn kì í sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ti Òṣogbo.

Ní 1961 ni àwọn òǹkọ̀wé dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn, tí Congress for Cultural Freedom sì fi owó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní 1962, Dúró Ládiípọ̀, ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí bí tèmi, àti Ulli Beier ará Jámánì ṣí irú rẹ̀ ní Òṣogbo, nínú ilé Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀. Èdè Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n etí ará Òṣogbo gbọ́ ọ sí “ǹ bá rí i, ǹ bá yọ̀”. Bí ó ṣe di Mbárí Mbáyọ̀ nìyẹn. Ibẹ̀ ni Ládiípọ̀ ti gbé ìtàn Ọ̀yọ́ kalẹ̀ fún ará ìlú: Ọba Mórò ní 1962, Ọba Kò So ní 1963. Ní 1964, Ọba Kò So dé Berlin.

Ní 1967 ni àṣírí tú pé àjọ amí Amẹ́ríkà ni ó ń bọ́ Congress náà lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, àpò tiwa ni mo fẹ́ kí a tú: owó ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kan, kí a tó tún sin àgbà mìíràn pẹ̀lú oríkì ìlú lẹ́nu rẹ̀.